Kí ló yẹ kó wà lára hot rod ká tó lè pè é ní ti àtijọ́?

Àkànbí32, Riverside
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń to hot rod kan pọ̀, ìyẹn mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe kó lè sáré. Ford roadster 1932 ni, èyí tí kò ní òrùlé líle. Irin Ford gidi ni bọ́dì rẹ̀, kì í ṣe fáíbà. Ẹ́ńjìnnì flathead 8BA, ìyẹn V8 àtijọ́ ti Ford, ló wù mí kí n gbé sí i, pẹ̀lú kàbúrétọ̀ Stromberg 97 méjì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yáa gbé ẹ́ńjìnnì Chevrolet 350 (Chevy) sí i kí n sinmi wàhálà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ tiyín, ibo lẹ pààlà sí? Èyí tójú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ o.

Bàbá Ayọ̀, Dayton
1948. Ohun tí wọn ò bá fi sáré ní El Mirage, adágún gbígbẹ tí wọ́n ti ń sáré mọ́tò ní California, nígbà yẹn kò wọ mọ́tò mi.

Jímọ̀ Flathead, Tucson
Flathead á gbóná o! Èéfín rẹ̀, inú bílọ́ọ̀kì ló ń gbà jáde, láàárín omi gan-an. Wá rédíétọ̀ tó dáa kó o tó máa wá kàbúrétọ̀.

Ọmọ Panẹbítà, Fresno
Bàbá Ayọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ 1948 yẹn ti le jù. Mo ra Ford Model A coupe onílẹ̀kùn méjì ti 1930 kan tí wọ́n ti gé òrùlé rẹ̀ kúrú tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí mo ha ọ̀dà dúdú abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà kúrò, irin pátákó ojú títì ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n fi dí ihò, lẹ́tà "ST" ṣì ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Idẹ ni wọ́n fi jó o mọ́ra, ojú ìjó náà rí gbágungbàgun. Bíréèkì tó ń fi ọ̀pá irin fà tí Ford gbé wá ti kúrò, bíréèkì olóìlì ti Ford 1939 ló wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó ṣe mọ́tò yẹn ò ka ìwé òfin kankan. Ibi tí wọ́n ń kó àlòkù mọ́tò jọ sí ló lọ, ó mú ohun tó dáa ju tiẹ̀ lọ tówó rẹ̀ ká. Mi ò yọ irin pátákó yẹn, mi ò sì ní yọ ọ́. Ìyẹn gan-an lèmi ń pè ní ti àtijọ́.

Ìyá Tádé, Houston
Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà fún mi. Èmi àti bàbá Tádé la jọ kọ́ coupe 1934 wa. Bíréèkì onídírọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òjò ká wa mọ́ orí I-10, tírélà kan ṣàdédé dúró níwájú, bàbá Tádé tẹ bíréèkì, mọ́tò fà sósì pátápátá. Ọmọ wà láàárín wa. Ọlọ́run ló yọ wá. Lọ́sẹ̀ yẹn la gbé bíréèkì dísìkì, ti ìgbà tuntun, sí ẹsẹ̀ iwájú. A wá gbé e lọ sí ibi pàtẹ kan, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo ẹ̀yìn táyà, ó ní "Ẹ ti bà á jẹ́." Kò tiẹ̀ kí wa. Ó ṣì ń dùn mí.

Ṣọlá, Oakland
Ẹ ti bà á jẹ́ kẹ̀? Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Kúnlé, San Diego
Kí ló ń wá lẹ́yìn táyà ọlọ́mọ?

Bàbá Ayọ̀, Dayton
Ìyá Tádé, ẹ kú ewu. Ẹni yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín: dírọ́ọ̀mù tó bá ń fà sọ́nà kan, omi ti wọ̀ ọ́ tàbí kí ṣúù rẹ̀ má tíì jókòó dáadáa. Bíréèkì Lincoln ti 1940 sí 1948 wà, irú ti ilé iṣẹ́ Bendix ni, íǹṣì 12. Àwọn ọmọ California ń gbé e sí Ford wọn nígbà náà. Ó ń dúró.

Ìyá Tádé, Houston
Bàbá, èló lẹ rí i rà? Dísìkì ló wà lọ́jà, òun lapá wa ká.

Ọmọ Panẹbítà, Fresno
Ohun tí mò ń sọ nìyẹn!

Bàbá Ayọ̀, Dayton
Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kúkú gbé ẹ́ńjìnnì Toyota sí i. Òun náà wà lọ́jà. Ẹ mú ọdún kúrò, ẹ wá fi ààlà hàn mí.

Ṣọlá, Oakland
Èmi, àwọn tó ń fi irin tó dógùn-ún ṣe ẹ̀ṣọ́ ló ń bí mi nínú. Ìlú wa níbí ni Grand National Roadster Show, pàtẹ hot rod, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1950. Ẹ wo fọ́tò ìgbà náà, mọ́tò ń dán gbinrin! Ẹni tó ń fi ọ̀dà àkọ́kùn rìn, owó rẹ̀ ni ò tíì pé.

Kúnlé, San Diego
Tèmi dógùn-ún o. Ọ̀dà àtijọ́ ló ṣẹ́kù sí i lára, ṣé kí n ha á dànù ni?

Ṣọlá, Oakland
Rárá o, tìẹ gbó fúnra ẹ̀. Àwọn tó ń wọ́n omi iyọ̀ sí i ni mò ń bá wí.

Jímọ̀ Flathead, Tucson
Ẹ jẹ́ ká padà sórí Chevy. Kò sí 350 títí di 1967. Tó bá jẹ́ Chevy náà ni, ẹ gbé 265 ti 1955 tàbí 283 ti 1957. Àwọn yẹn ló gba ipò lọ́wọ́ flathead. Mo fẹ́ràn flathead, àmọ́ òótọ́ ni.

Àkànbí32, Riverside
Ẹ ṣé gan-an. Flathead náà ni n ó gbé sí i. Bàbá Ayọ̀, gíà Ford 1939 ńkọ́, ṣé ó máa wọ 8BA?

Bàbá Ayọ̀, Dayton
Kò ní wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. 8BA ò ní bẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ilé irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, lára bílọ́ọ̀kì bíi tàwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ akẹ́rù Ford ìgbà náà ni kó o wá. Ọ̀kan wà nínú gáréèjì mi, tó o bá lè wá gbé e.

Ìyá Tádé, Houston
Bàbá, ṣé bíréèkì Lincoln náà wà níbẹ̀?