Ẹ̀yà ajá wo ló yẹ ilé tí ọmọ kékeré àti àgbàlagbà wà?

Ìyá Ìbejì (Ìsánlú)

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín kí n tó gba ohun tí n kò ní mọ bí n ó ṣe dá a padà. Lọ́kọ́jà ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wọlé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló sì máa ń padà, nítorí náà láàárín ọ̀sẹ̀, èmi ni mo máa ń wà nílé pẹ̀lú àwọn ìbejì tó jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbúrò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2, àti ìyá ọkọ mi tó ń fi ọ̀pá rìn. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti dé agbègbè wa ni oorun mi kò ti wọra mọ́. Mo fẹ́ ajá tí yóò máa gbó bí àjèjì bá sún mọ́ ilé lóru, ṣùgbọ́n tí ọmọ ọdún 2 lè fà nírù kí ó má sì bu ọmọ náà jẹ.

Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Àbújá ní òun ti bá wa rí ọmọ ajá Caucasian kan, ọmọ ọ̀sẹ̀ 5, pé bí ó bá dàgbà, kò sí olè tí yóò gba iwájú ilé wa kọjá. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n má dá a lóhùn, pé Lhasa Apso kékeré ló yẹ ọmọdé. Ìyá ọkọ mi ní tiwọn kò rí ìdí tí a ó fi máa wá ajá dé Àbújá nígbà tí ajá ń bímọ ní gbogbo ojúlé nínú ìlú. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí pé lọ́dún tó kọjá, ajá kan ládùúgbò wa bu ọmọ kékeré kan jẹ lójú, bẹ́ẹ̀ ajá tí gbogbo wa rò pé a mọ̀ ni.

Kí ẹ lè mọ bí ilé wa ti rí: ògiri ọgbà kò tíì yí i ká, ẹ̀yìnkùlé ṣí sí oko kajú, a ní ewúrẹ́ 4 àti adìẹ díẹ̀, owó oṣù wa kò sì lè gbé oúnjẹ ajá tí wọ́n ń tà nínú àpò. Ẹ̀yà wo ni kí n mú?

Bàbá Dérin (Kàbà)

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ìyá Ìbejì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba Caucasian yẹn. Mo ti sin ọ̀kan rí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ṣì máa ń rántí rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí mo ní sí i kò sọ ọ́ di ajá tó yẹ ilé wa. Lórí àwọn òkè Caucasus, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, ni wọ́n ti ń lo ẹ̀yà yìí láti ṣọ́ agbo àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò. Irun rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ti abẹ́ nípọn bí òwú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn Kàbà bá mú, inú ihò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ló máa ń sùn láti aago 10 òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí ahọ́n rẹ̀ yóò yọ síta, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ojoojúmọ́ ni à ń da omi lé e lórí kí ó má bàa kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní ti oúnjẹ, akọ tó dàgbà nínú wọn lè wọn ju 50 kìlógíráàmù lọ, ẹ sì mọ ohun tí ikùn bẹ́ẹ̀ yóò máa bèèrè. Síbẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ ló mú kí n fi í sílẹ̀. Ajá tí ìran rẹ̀ ti ń dá ṣọ́ àgùntàn lórí òkè kì í dúró de àṣẹ olówó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pinnu ẹni tó jẹ́ ọ̀tá. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi wá bá a ṣeré, wọ́n ń lé ara wọn kiri, ariwo ta, ajá náà sì rò pé wọ́n fẹ́ pa ọmọ ilé òun lára. Ó ti ọ̀kan lára wọn ṣubú, ó dúró lé e lórí, ó ń kùn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò fi eyín kàn án. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ni mo gbé e fún ẹnìkan tó ní ọgbà ńlá tí kò sì sí ọmọdé níbẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ti sọ pé ó fẹ́ràn ọmọdé. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ọmọ ilé nìkan ló fẹ́ràn. Nínú ilé tiwa níbí, ta ló lè ka iye ọmọ ọlọ́mọ tó ń wọlé tó ń jáde lójúmọ́?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìyàrà)

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá Dérin sọ nípa Caucasian, àmọ́ kí a má fi tirẹ̀ ba gbogbo ajá òkèèrè lórúkọ jẹ́. Alsatian tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní German Shepherd, iṣẹ́ àti ìgbọràn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣètò ẹ̀yà náà ní Jámánì láti ọdún 1899, nígbà tí ọ̀gá ológun kan tí ń jẹ́ Max von Stephanitz bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Mo sin abo kan fún ọdún 11. Ó bá àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dàgbà, kò sì bu ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ rí.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ohun tó ná mi. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo máa ń mú un rìn dé ojú ọ̀nà oko kí n tó padà wá múra iṣẹ́, mo sì tún máa ń kọ́ ọ ní nǹkan nírọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà, tí kò sí ẹni tó ń mú un rìn mọ́, ó jẹ ilẹ̀kùn igi méjì ya láàárín oṣù kan. Ajá olóye tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Bí Ìyá Ìbejì bá ní àkókò yẹn, kí wọ́n mú Alsatian. Bí wọn kò bá ní in, n kò lè gbà wọ́n níyànjú.

Oníṣègùn Ẹranko (Lọ́kọ́jà)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò nínú ohun tí ẹ ń wá. Kò sí ẹ̀yà ajá kankan láyé tí a lè fi ìrù rẹ̀ lé ọmọ ọdún 2 lọ́wọ́. Èyí tó ní sùúrù yóò fara da á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọjọ́ tí etí tàbí ikùn bá ń dùn ún ni yóò fi eyín dáhùn. Nítorí náà, ẹ̀yà yòówù tí ẹ bá mú, ẹ má ṣe jẹ́ kí òun àti ọmọ kékeré wà papọ̀ láìsí àgbà níbẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú tí ẹ ó fi lọ ro ọbẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ìbejì pé a kì í fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun, tó ń sùn tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú. Kí ajá tó bu ènìyàn jẹ, ó sábà máa ń fi hàn: yóò gan pa, yóò yí ojú kúrò, yóò máa lá ètè láìsí oúnjẹ, funfun ojú rẹ̀ yóò hàn, lẹ́yìn náà ni yóò kùn. Ẹ má ṣe nà án nítorí pé ó kùn. Ajá tí wọ́n bá na ìkùn kúrò lẹ́nu rẹ̀ kò ní kìlọ̀ mọ́ kí ó tó bù jẹ, mo sì gbàgbọ́ pé irú èyí ló máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé ajá tí àwọn mọ̀ ló ṣàdédé yí padà.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 5 kò tíì tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Láàárín ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ajá tí ìyá náà bí pọ̀ mọ́ ọn ló ti ń kọ́ bí eyín ṣe ń dunni. Bí ó bá bu ẹnìkejì rẹ̀ jẹ jù, onítọ̀hún yóò ké, eré yóò sì dá. Kí ẹ dúró títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 8, ó kéré tán. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 ni ọkàn rẹ̀ máa ń ṣí sí ohun tí kò ní máa bẹ̀rù títí ayé: ohùn ọmọdé, ọ̀pá ìyá àgbà, ọ̀kadà, ewúrẹ́, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá. Èyí tí wọ́n tì mọ́ inú àgò ní gbogbo àkókò yẹn, bí ó ti wù kí ìwé ìran rẹ̀ dára tó, ìbẹ̀rù ni yóò fi dàgbà, ìbẹ̀rù ló sì ń fa ọ̀pọ̀ ìbùjẹ tí mo ń rí.

Ẹ béèrè nípa Lhasa Apso. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní Tibet ní ilẹ̀ Éṣíà tí ó ti wá, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ inú ilé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, kí ó gbó bí àlejò bá dé. Kì í ní sùúrù púpọ̀ pẹ̀lú ọmọ tó ń fa irun, irun náà sì ń fẹ́ ìyarí lóòrèkóòrè. Labrador ní sùúrù ju gbogbo èyí tí ẹ dárúkọ lọ, àmọ́ ó lè ju ìrù sí olè. Rottweiler àti Boerboel, àwọn ajá ìṣọ́ ńlá, kì í ṣe ajá àkọ́kọ́ fún ẹni tí kò tíì sin ajá rí. Àwọn tí imú wọn kúrú bíi Bulldog àti Pug, ooru wa lè pa wọ́n, nítorí pé mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára, èyí sì ṣòro fún imú tó há.

Èyí tí n kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni dìgbòlugi. Nínú 100 ènìyàn tí àrùn yìí mú, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n, ọmọdé ló sì pọ̀ nínú àwọn tí ó ń pa. Ẹ gún ajá yín ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bí ó bá pé oṣù 3, kí ẹ tún un gún lẹ́yìn ọdún kan, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé ohun tí káàdì rẹ̀ bá sọ lẹ́yìn náà. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ má fi ata tàbí epo sí i, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àrùn náà bá ti yọjú lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é.

Ọmọ Ọdẹ (Ẹ̀gbẹ̀)

Àbúrò mi, ìyá ọkọ rẹ ti sọ̀rọ̀ àgbà. Bàbá mi fi ajá ṣọdẹ títí ó fi dàgbà, ajá ìbílẹ̀ sì ni gbogbo wọn. Irun wọn kúrú, ara wọn mọ oòrùn, tùwò tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tó wọn lọ́pọ̀ ọjọ́, wọn kì í sì í gbó lásán. Mo ṣì rántí Ẹ̀yìnlàárò, abo pupa kan tó máa ń sùn sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí a bí wa sí. (Ó ń ká mi lára pé Bíńgò nìkan ni orúkọ tí à ń sọ ajá báyìí, nígbà tí àwọn bàbá wa máa ń fi orúkọ ajá bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀.)

Bí o bá fẹ́ mú ọ̀kan, ìyá rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Lọ síbẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ wà nílé, kí o mú ìyá àgbà dání tọ̀pátọ̀pá. Ìyá ajá tó bá gbó, tí olówó rẹ̀ pè é, tó sì dákẹ́ wá gbóòórùn yín, ọmọ rẹ̀ dára. Èyí tó bá sá wọ abẹ́ àkéte tàbí tó kọ̀ láti dákẹ́, máa bá tìrẹ lọ. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ọmọrí ìkòkò kan bọ́ lulẹ̀ níbi tí kò jìnnà sí àwọn ọmọ ajá náà. Gbogbo wọn ni yóò fò sẹ́yìn. Èyí tó bá kọ́kọ́ padà wá wo ohun tó bọ́ ni bàbá mi máa ń mú. Kì í mú èyí tó ń fi ìyà jẹ àwọn yòókù nídìí ọmú, kì í sì í mú èyí tí kò kúrò ní kọ̀rọ̀. Ní ti ewúrẹ́ àti adìẹ, láàárín wọn ni kí o ti tọ́ ọ láti kékeré, kí o sì bá a wí ní ìgbà àkọ́kọ́ gan-an tó bá sáré lé adìẹ, kí eré má di ọdẹ.

Oníṣègùn Ẹranko (Lọ́kọ́jà)

Mo fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọdẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018 lórí àbùdá àwọn ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà, tí ti Nàìjíríà wà nínú wọn, rí àmì pé ara wọn ti bá àwọn kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru mu. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ pé ajá ìbílẹ̀ kò nílò abẹ́rẹ́ tàbí oògùn aràn. Aràn inú ọmọ ajá lè wọ ara ọmọ tó ń fi ọwọ́ yẹ̀pẹ̀ jẹun. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó máa rìn kiri tàbí kí ó máa bímọ, ẹ jẹ́ kí a tẹ akọ lọ́dàá, tàbí kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo.

Ìyá Ìbejì (Ìsánlú)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Èmi àti ìyá ọkọ mi lọ wo ìyá ajá kan ní Odò-Ẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó gbó mọ́ wa, olówó rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó wá gbóòórùn ọ̀pá ìyá títí, ó sì lọ dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ 6, ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n, inú ilé tí ọmọdé kún ni wọ́n sì wà. Abo aláwọ̀ eérú kan ló padà wá sídìí ọmọrí ìkòkò náà. A ti bá wọn sọ ọ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 ni a ó wá mú un, ọkọ mi yóò sì ti fi pákó dí ẹ̀yìnkùlé kí ó tó dé. Àbúrò ọkọ mi kọ́kọ́ bínú nípa Caucasian náà. Mo fi ọ̀rọ̀ Bàbá Dérin hàn án, ó sì dákẹ́. Ibo ni kí ajá náà máa sùn, ṣé kí a so ó ní?

Oníṣègùn Ẹranko (Lọ́kọ́jà)

Ẹ má so ó mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́; ajá tí wọ́n so pa kì í mọ ènìyàn yà sọ́tọ̀ mọ́. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ó máa sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí yóò ti máa gbọ́ ohùn yín. Bí ó bá ti dàgbà tó láti ṣọ́ ilé, ibi tí ó ti lè rí ẹnu ọ̀nà iwájú àti pákó ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí. Kí ó tó dé, ẹ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín ní Ìsánlú ẹni tó ń gún ajá lábẹ́rẹ́ nítòsí, kí ẹ sì ti mú ọjọ́ tí ẹ ó gbé e lọ.