Omi ń dúró nínú oko àgbàdo mi

Àdìó Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀. Oko mi lójú ọ̀nà Ìlọrin kò tó éékà kan, àmọ́ láti oṣù Keje lomi ti ń dúró níbẹ̀. Ewé àgbàdo pọ́n, kò ga ju orúnkún lọ. Ajílẹ̀ òyìnbó àpò méjì tí mo rà, òjò gbé e lọ. Ìyá mi ní kí n gbin ẹ̀wà sáàárín. Ṣé ẹ̀wà máa ń mu omi ni?

Ìyá Àlàkẹ́: Ọmọ mi, omi ló máa mu ẹ̀wà! Kọ ebè ná, kó ga dé orúnkún. La poro síbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́, kómi rọ́nà lọ. Orí ebè ni àgbàdo àti ẹ̀wà ń gbé. Kókò ni kó o gbin sísàlẹ̀, kò bẹ̀rù ẹrẹ̀. Lákùrọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, kókò ni mo fi san owó ilé ìwé ọmọ lésìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Oko: Òótọ́ ni màmá sọ. Kókó kéékèèké ara gbòǹgbò ẹ̀wà, ibẹ̀ ni bakitéríà, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tójú ò lè rí, ti ń fa náítírójìn, oúnjẹ irúgbìn, látinú afẹ́fẹ́ fún ilẹ̀. Bómi bá bò wọ́n, wọn ò rí èémí mí, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Tó o bá kórè ẹ̀wà tán, má fà á tu. Gé e, kí gbòǹgbò jẹrà síbẹ̀. Òtílì, irú ẹ̀wà kan tó ń dàgbà bí igi kékeré, náà dáa, gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n etí oko tó gbẹ ni kó o gbìn ín sí.

Àdìó Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ ṣé mà. Ebè dé orúnkún? Ẹ̀yìn ti ń dùn mí kí n tó gbé ọkọ́. Òtílì tó ń pẹ́ lórí iná yẹn ńkọ́, ta ló fẹ́ sè é?

Ìyá Àlàkẹ́: Rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ọ̀lẹ!