Ọmọ mi ń ka òǹkà dé ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó máa bá méje di mẹ́wàá

Ìyá Aránṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́fà, púráímárì kìíní ló wà. Á ka òǹkà láti orí oókan dé ọgọ́rùn-ún láì mí. Àfi iṣẹ́ àmúrelé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, "7 + __ = 10". Á ka ìka ọwọ́ kan, á ka ti èkejì, ìka á tán, á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí ìwé náà ló sùn sí. Mo kó bọ́tìnnì wá láti ṣọ́ọ̀bù kó lè fi ṣe é, ló bá ń tò wọ́n bíi rélùwéè. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n nà án, bàbá rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sára káàdì, kó máa kà á láràárọ̀. Bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Tíṣà Àgbà:
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ má bínú, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo kọ ọ́ sórí kádíbọ́ọ̀dù ńlá: ọ̀kan àti mẹ́sàn-án, méjì àti mẹ́jọ, títí lọ. Mo fi máàkà oríṣi mẹ́ta ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn ọmọ sì ń fi kọrin. Ọjọ́ tí alábẹ̀wò dé, ó bi ọmọ kan pé mélòó ló máa bá mẹ́fà. Ọmọ náà gbé orin láti òkè, "ọ̀kan àti mẹ́sàn-án..." Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá wọlé lọ.

Ìyá Aránṣọ, bọ́tìnnì yín dára. Ibi tí yóò máa jókòó sí ni kò ní. Ẹ tọrọ kíréètì òfìfo lọ́wọ́ ẹlẹ́yin. Ihò 30 ló ní, márùn-ún ní ìbú, mẹ́fà ní òró. Ẹ gé e sí mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà méjì, ihò márùn-ún nínú ìlà kan. (Kì í ṣe àlùmọ́gàjí tí ẹ fi ń gé aṣọ lẹ máa lò o, páálí á jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kú.)

Ìlà òkè ni kó kọ́kọ́ kún, ẹ má gbójú fo èyí. Tó bá kó méje sí i, òkè á kún, méjì á wà nísàlẹ̀, ihò mẹ́ta á ṣófo. Ẹ má jẹ́ kó máa fi ìka tọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kàn wò ó ni. Ihò tó ṣófo yẹn ni ẹnìkejì méje. Tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ kó bọ́tìnnì mẹ́wàá kún un, kẹ́ ẹ fi ègé ańkárá bo díẹ̀. Mẹ́fà ló hàn, mélòó ló wà lábẹ́ aṣọ? Tó bá ti ń wo fèrèsé, ẹ kó o nílẹ̀, ó di ọ̀la.

Bàbá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù:
Ike oníhò tí wọ́n ń pè ní Numicon làwọn ìbejì mi ń lò níbí. Ti méje àti ti mẹ́ta tí ẹ bá tò pọ̀ á bo ti mẹ́wàá gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni kíréètì yẹn ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yà mí lẹ́nu. Ẹ so kíréètì mẹ́wàá-mẹ́wàá méjì pọ̀, ihò 20. Ẹ kó 16 sí i, mẹ́rin á ṣófo. Ẹ wá rọra pe 16: mẹ́rìn-dín-lógún. Orúkọ rẹ̀ ti dárúkọ ẹnìkejì rẹ̀! 17, mẹ́ta. 18, méjì. 19, ọ̀kan. 15 náà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, márùn-ún ló fara pamọ́ síbẹ̀. "Sixteen" ní tiẹ̀, mẹ́fà tó lé lórí mẹ́wàá ló ń sọ. Mo ti dàgbà kí n tó rí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣèdánwò o. Ṣé kò ní da ọmọ láàmú?

Tíṣà Àgbà:
Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ihò mẹ́ta tó ṣófo kò níí di mẹ́rin torí pé a pè é ní "three".

Ìyá Aránṣọ:
Ẹ ṣé o. Ọjọ́ kẹsàn-án rè é. Tí mo bá ní méje, á ti ní mẹ́ta kí n tó panu dé. Mẹ́fà àti mẹ́rin ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, bọ́tìnnì funfun méjì sì ti sọnù.

Àná la dé ogún. Ó pe 16, ó pe 17, ó ń rẹ́rìn-ín. Ló bá dákẹ́. "Màmá, mẹ́rìnlá ńkọ́? Kí ló dé tí òun ò sọ mélòó ló kù?" Mo wo kíréètì, ihò mẹ́fà ló ṣófo lóòótọ́. Tíṣà Àgbà, ẹ bá mi dá a lóhùn, mo ti sọ fún un pé mò ń bọ̀.