Sìmẹ́ǹtì ló ba ògiri amọ̀ mi jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi amọ̀ mọlé, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi po amọ̀ ilé yìí. Mo gbẹ́ ilẹ̀ kọjá erùpẹ̀ dúdú, torí ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó le. Mo bu yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ sínú ìgò, mo da omi sí i, mo mì í dáadáa, mo gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn rọ̀ sísàlẹ̀ kíákíá, amọ̀ ló kẹ́yìn. Tèmi lámọ̀ jù. Búlọ́ọ̀kù tí mo kọ́kọ́ mọ lanu bó ṣe ń gbẹ, àfìgbà tí mo fi iyanrìn àti koríko gbígbẹ kún un, tí mo sì ń sá a síbi ìbòòji.

Ògiri náà dára. Oòrùn á máa jó níta, inú ilé á tutù pẹ̀sẹ̀. Àfi bí bíríkìlà kan ṣe ní amọ̀ ò lè kojú òjò, pé kí n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Mo gbà. Ó dán gbinrin.

Lọ́dún kejì, mo rí ojú sísán tín-ín-rín kan lábẹ́ fèrèsé. Mi ò kà á sí. Nígbà tó yá, ìdí ògiri wú síta. Mo fi ìka kàn án, ó dún bí agbè òfìfo. Mo fi òòlù kàn án, sìmẹ́ǹtì tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rin gbindin, ọwọ́ mi wọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó ń rùn bí àmù tí wọn ò fọ̀.

Amọ̀ a máa wú, a sì máa sún kì. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a sún, ló ṣe sán. Omi gba ibẹ̀ wọlé, kò róhun gbà jáde mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí ògiri yẹn ò ṣẹ̀ mí.

Mo ha gbogbo sìmẹ́ǹtì kúrò, mo dúró kó gbẹ dénú, mo wá fi amọ̀, iyanrìn àti koríko gígé wẹ́wẹ́ rẹ́ ẹ. Mo tún fa etí òrùlé gùn síta. Lóòótọ́, màá máa tún un rẹ́. Mọ́ṣáláṣí ńlá Djenné ní Mali, tí wọ́n parí ní 1907, ọdọọdún ni wọ́n ń fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ó sì wà níbẹ̀ dòní.

*

Ẹ kú ìrọ́jú. Èmi náà fi amọ̀ mọlé, àmọ́ ìṣòro tèmi ò kan sìmẹ́ǹtì. Orí ilẹ̀ lásán ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ògiri, mi ò fi òkúta gbé e sókè. Òjò tó bá kán sílẹ̀ ló ń ta padà sí i lára, tó ń jẹ ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ níwọ̀nba, mo ń ki òkúta bọ̀ ọ́, màá fo àyè kan kí n tó gbẹ́ òmíràn, kó má baà wó lé mi. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣì kù.