Staffa àti Iona: bí èmi àti màámi ṣe rí i

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè erékùṣù tẹ́ ẹ lè lọ wò ní Skọ́tílándì, mo rí i pé Skye ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ. Skye rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi lẹ bi, erékùṣù Mull ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ gba ibẹ̀ dé Staffa àti Iona, àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà nítòsí ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo mú màámi lọ nígbà tí wọ́n wá kí mi láti Ìbàdàn lóṣù kẹfà.

Rélùwéè la wọ̀ láti Glasgow dé Oban, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń kó mọ́tò ló gbé wa sọdá sí Craignure ní Mull, kò tó wákàtí kan. Bọ́ọ̀sì ló kù, títí dé Fionnphort, níbi tí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Staffa àti Iona ti ń gbéra.

Kò sẹ́ni tó ń gbé Staffa. Òpó òkúta dúdú ló yí i ká, wọ́n tò ṣánṣán, èyí tó pọ̀ jù ní igun mẹ́fà, àfi bíi pé bíríkìlà ló gé wọn. Àpáta yíyọ́ ló tú jáde látinú ilẹ̀ ní nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bó ṣe ń tutù ló ń sún kì, tó sì ń là sí òpó-òpó. Nígbà tá a dé ẹnu ihò Fingal, ihò ńlá tó wà nínú àpáta etí òkun níbẹ̀, tí ìgbì ń rọ́ wọlé tó ń hó, màámi káwọ́ sókè: "Atẹ́rẹrẹkáyé! Iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ mà ga o!"

Àwọn ẹyẹ puffin gan-an ló gbà mí lọ́kàn jù. Inú ihò ilẹ̀ lókè erékùṣù náà ni wọ́n ń yé sí. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sórí koríko, wọ́n á wá bá yín, torí àwọn ẹyẹ ńláńlá tó ń dọdẹ wọn kì í fẹ́ sún mọ́ èèyàn. Ọ̀kan bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà màámi, ẹja wẹ́wẹ́ wà lẹ́nu ẹ̀ tó pupa rúsúrúsú, ó wọ̀tún, ó wòsì, ó sáré kó sínú ihò. Màámi ò mí. Oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni kẹ́ ẹ lọ; tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, wọ́n ti ń padà sójú òkun nìyẹn.

Láti Fionnphort sí Iona ò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò gbé mọ́tò wọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn. Ibẹ̀ ni Columba, ajíyìnrere Kristẹni kan, gúnlẹ̀ sí láti Ireland lọ́dún 563, tó dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà níbẹ̀; màámi gbàdúrà pẹ́ nínú ẹ̀, mi ò sì kán wọn lójú.

Ẹ mú aṣọ òtútù tí òjò ò lè wọ̀ dání, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kantíkantí á bo èèyàn. Tí afẹ́fẹ́ bá sì le jù, ọkọ̀ Staffa kì í lọ, torí náà ẹ sun òru méjì ní Mull, ó kéré tán.