Owó ẹyọ: wọ́n ṣáà ń ní kí n ṣí ọwọ́ kejì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá onídán, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe bí ẹni gbé owó ẹyọ láti ọ̀tún sí òsì, ọ̀tún ló sì ṣì wà. Kí ló dé tí àwọn òǹwòran kì í gbójú kúrò lára ọ̀tún?

Èsì 1: Ojú rẹ ló ń tú àṣírí, àbúrò. Ibi tí onídán bá ń wò ni òǹwòran ń wò. Bí owó bá ti "bọ́" sí òsì, kí ojú àti imú rẹ bá òsì lọ. Ọ̀tún ńkọ́? Jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, kí ìka ká díẹ̀. Bó bá le gbagidi, wọ́n á fura. Má sì tètè ṣí òsì: dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3, fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí o wá ṣí ìka lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èsì 2: Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ ríṣẹ́ ṣe. Fi bíírò sápò ọ̀tún ṣáájú. Lọ mú un bí ọ̀pá idán, kí o fi owó sílẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n máa tú ọwọ́ náà wò!

Oníbèéèrè: Ẹ ṣeun. Ìgbà wo gan-an ni kí n fi pamọ́?

Èsì 3: Nígbà tí ara wọn bá rọ̀. Bi ẹnì kan ní ìbéèrè. Yóò gbójú sókè wò ọ́, ìgbà yẹn ni kí o ṣe é. Slydini, onídán olókìkí kan tó ti di olóògbé, a máa tẹ̀ síwájú kí wọ́n lè tẹjú mọ́ ọn, bó bá fẹ̀yìn tì, àwọn náà á dẹ̀. Ojú nìkan kọ́ ṣá: nínú ìwádìí tí àwọn olùṣèwádìí Kuhn àti Tatler ṣe ní 2005 lórí idán tí wọ́n fi sìgá pa, sìgá já bọ́ ní gbangba, síbẹ̀ àwọn òǹwòran kan ò rí i, ibi yòówù tí ojú wọn ì báà wà.