Báàgì ẹ̀yìn fún àwọn tó ń fi ski gun òkè yìnyín: báwo ni kí n ṣe rán an?

Aránbáàgì_Ọ̀yọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oníbàárà kan ní Kánádà fẹ́ báàgì ẹ̀yìn tó máa gbé gun òkè yìnyín. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi gùn ún, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè níbẹ̀, kó tó wá yọ̀ sọ̀kalẹ̀. (Ski ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín.) Awọ ewúrẹ́ tó ní ọnà Ọ̀yọ́ ló ń béèrè. Ṣé awọ máa gbà á? Lítà mélòó ni kó gbà? Kí ni mi ò gbọdọ̀ gbàgbé?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi awọ ṣe ara báàgì náà. Yìnyín tó bá yọ́ á wọ inú awọ, tí òtútù bá tún mú un, á gan bíi pákó, á sì wúwo. Náílọ́ọ̀nù 420 denier (ìwọ̀n bí òwú rẹ̀ ṣe nípọn tó) dára fún ara rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ọnà awọ sí orí ìdérí nìkan.

Lítà 30 sí 35 tó fún ìrìn ọjọ́ kan. Ẹni tó máa sùn sórí òkè nílò 40 sí 50.

Èyí tó ká mi lára jù ni àpò irinṣẹ́ ìdóòlà. Yìnyín máa ń ya lulẹ̀ lórí irú òkè bẹ́ẹ̀. Tó bá bo èèyàn mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 15 àkọ́kọ́ ni ìrètí pọ̀ jù. Tí ṣọ́bìrì bá wà lábẹ́ ẹ̀wù àti oúnjẹ, kí wọ́n tó tú ẹrù tán, ẹ̀mí ti lọ. Nítorí náà, àpò yẹn gbọ́dọ̀ dá dúró, kó ní síìpù tirẹ̀, kí irin ṣọ́bìrì wọ̀ ọ́ gbayawu, kó sì ní ihò tóóró méjì nínú: ọ̀kan fún ọwọ́ ṣọ́bìrì, ọ̀kan fún ọ̀pá tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá ẹni. Ọ̀pá náà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 240 sí 320 tí wọ́n bá nà án. Kí oníbàárà wọn tirẹ̀ nígbà tó bá ká, kí ihò má bàa kúrú jù.

Ẹ má rán àpò fún ẹ̀rọ rédíò tí wọ́n fi ń wá ẹni o. Ara ni wọ́n ń so ó mọ́, torí yìnyín lè já báàgì gbà lẹ́yìn èèyàn.

Ìyá_Oníṣẹ́_Báàgì
Ọmọ mi, irin ni etí ski, ó mú bí ọ̀bẹ. Ibi tó bá ti máa fara kan báàgì, fi rọ́bà tó le bò ó. Òwú pọliẹ́sítà ni kó o lò, òwú kọ́tọ̀n á rà. Ibi tí okùn bá ti gbé ẹrù, rán an ní igun mẹ́rin, kó o tún rán an láti igun dé igun.

Bi oníbàárà náà bó ṣe ń gbé ski sára báàgì. Tó bá ń gbé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kókó okùn kan á wà nísàlẹ̀ lápá òsì, okùn kan lókè lápá ọ̀tún. Ó yá láti so, ṣùgbọ́n ski tó fẹ̀ á máa gbá a lẹ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹrù á dọ́gba, àmọ́ báàgì tí kò kún á máa lọ́. Tó bá jẹ́ snowboard, ìyẹn ẹyọ pákó kan tó fẹ̀ tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń dúró lé, okùn méjì tó le á gbà á ní òró.

Ẹ̀yìn tó ń kan ara, má lo nẹ́ẹ̀tì. Yìnyín á há sínú rẹ̀, á yọ́, á sì rin ẹ̀wù. Aṣọ tó ń dán ni kó o lò. Síìpù eyín ńlá, nọ́ńbà 8 tàbí 10, kó o so okùn mọ́ orí rẹ̀, kí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lè fà á.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Ìyá, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: kí báàgì náà ṣí láti ẹ̀yìn, kí ibi tó ń kan ara má bàa kan yìnyín nígbà tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀.

Ìyá_Oníṣẹ́_Báàgì
Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n síìpù yẹn gùn, ó sì ń ná owó. Tí kò bá dáa, ó sàn kó ṣí láti òkè.

Akọ́ṣẹ́_Òkè
Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi mu látinú báàgì, tó bá jáde síta, omi inú rẹ̀ á dì. Ìgò tó ń pa ooru mọ́ ni kó gbé sínú. Báàgì afẹ́fẹ́ tó ń wú lójijì nígbà tí yìnyín bá ya lulẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti rán an: báàgì àti ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni wọ́n jọ ń yẹ̀ wò pọ̀ bí odidi kan. Fún ìwọ̀n ẹ̀yìn, kí oníbàárà tẹrí ba, kí wọ́n wọ̀n ọ́n láti egungun tó yọ ní ọrùn dé orí egungun ìbàdí. Bẹ́líìtì ìbàdí ló máa gba ẹrù.

Aránbáàgì_Ọ̀yọ́
Ẹ ṣé gan-an. Màá kọ́kọ́ bi í bóyá ski ni tàbí snowboard, kó tún fi ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti ọ̀pá ránṣẹ́, kí n tó gé aṣọ.